Ọkùnrin Tó Ná Òjé Wálẹ̀

Ìtàn tí gbogbo ará Ọ̀kà kọ́kọ́ máa ń sọ nípa Babárìndé ni ti ọjọ́ tó lọ ná èsì ìdánwò. Ní Àkùngbá. Nínú yàrá tútù kan tí ẹ̀rọ ti ń kùn bí agbo oyin.

Òjé ni wọ́n rí nínú ewúro gbígbẹ tó kó wá. Dókítà Adégbóyèga, ọ̀dọ́ olùkọ́ yunifásítì tó ń fi ẹ̀rọ náà yẹ oúnjẹ wò, rọra ṣàlàyé fún un pé òjé inú ewúro yìí tó ìlọ́po mẹ́rin èyí tí òfin gbà láyè. Babárìndé wo ìwé èsì. Ó wo Dókítà. Ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ti ọjà tó wù ú.

"Ọmọ mi, mẹ́rin ti pọ̀ jù. Jẹ́ ká pè é ní méjì."

Dókítà ní òun kọ́ ló pè é bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ni.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kì í ṣe àjèjì sí ọ. Bá a sọ̀rọ̀."

Dókítà tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní bí òjé bá wọ ara, kì í tètè jáde. Ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ó ń ba kíndìnrín àgbà jẹ́. Ojú kò lè rí i nínú ẹ̀fọ́, ahọ́n kò sì lè mọ̀ ọ́n. Babárìndé ń mi orí sí gbogbo rẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ bí ọlọ́jà ṣe ń yin ọjà rẹ̀. Nígbà tí àlàyé parí, ó dé fìlà, ó dìde, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ní ọjà Ìkàrẹ́, ibi tí wọ́n ti máa ń pe oníbàárà padà nìyẹn. Ó dúró. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó padà wá jókòó fúnra rẹ̀.

"Ó dáa, mẹ́ta. Mi ò ní fi nǹkan kan lé e mọ́."

Bíríkìlà ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ iṣẹ́ bíríkì, ó gbé iṣẹ́ ewúro dání ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Ó ń rà á tútù, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń sá a, òun àti Sẹ̀gilọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, sì ń dì í sínú ọ̀rá. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní iṣẹ́ obìnrin ni. Ó ní kí wọ́n lọ bi ewúro bóyá ó mọ ẹni tó fọ òun.

Kò sí ohun tí kò lè ná. Nọ́ọ̀sì ní kó máa lo oògùn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ó ní òun gba ti àárọ̀, kí nọ́ọ̀sì gba ti alẹ́, kí àwọn jọ pín ti ọ̀sán.

Ti ọlọ́kadà ńkọ́? Ìwàrò ni wọ́n ti pàdé, Babárìndé ń lọ sí Àkùngbá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Babárìndé ń fẹsẹ̀ rìn lọ, ọlọ́kadà ń rọra wa alùpùpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kí ẹnìkejì borí. Òkè kan. Ọ̀gbun kan. Òkè mìíràn. Nígbà tí wọ́n fi máa fẹnu kò, wọ́n ti dé Àkùngbá. Babárìndé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sin òun dáadáa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òjé kì í ṣe eré. Raliat, obìnrin Ìkàrẹ́ tó ń ra gbogbo ewúro rẹ̀, tó sì ń kó o ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ Àkókó lókè òkun, ló ní kó lọ ṣe ìdánwò. Bí èsì rẹ̀ kò bá dára, òun kò ní lè rà á mọ́. Ó kúnlẹ̀ sọ ọ́. "Bàbá, ọmọ àwọn èèyàn ló ń jẹ ẹ́." Ìyẹn nìkan ni Babárìndé kò ná.

Kó tó kúrò ní yàrá ìdánwò lọ́jọ́ náà, Dókítà ti bi í ní ìbéèrè kan. Kí ló wà nítòsí ibi tó ń sá ẹ̀fọ́ sí? Babárìndé ní ojú ọ̀nà ni. Dókítà ní ojú ọ̀nà nìkan kò lè fa irú èyí. Ṣé kò sí ẹni tó ń yọ́ òjé inú òkú bátìrì mọ́tò ládùúgbò? Babárìndé ní ilẹ̀ ń ṣú, òun ń lọ. Ọ̀sán gangan ni.

Jimoh ni. Jimoh oníbátìrì, ọ̀rẹ́ rẹ̀, alátakò rẹ̀ nídìí ayò. Babárìndé fúnra rẹ̀ ló fún un láyè níwájú ilé, ṣọ́ọ̀bù páànù rẹ̀ sì fara kan pèpéle tí ewúro ń gbẹ lé. Níbẹ̀ ni Jimoh ti ń tú bátìrì, tó ń yọ́ òjé inú rẹ̀ nínú ìkòkò irin. Èéfín ń lọ, eruku ń bà. Bí ìlú bá gbọ́, wọ́n á lé e. Bí Babárìndé bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ á máa jẹ òjé, Raliat á sì lọ. Oníbàárà kan, ọ̀rẹ́ kan. Babárìndé fẹ́ gba méjèèjì ní iye ọ̀kan.

Ó kọ́kọ́ lọ bá Jimoh. Kò mẹ́nu kan ìdánwò. Ó ní èéfín òjé ń há òun láyà, kí Jimoh jáwọ́ nínú yíyọ́ ọ, kó máa ta òkú bátìrì lódindi fún àwọn tó ń kó o lọ. Jimoh kùn, ó gbà. Babárìndé tún ní òun kò ní bá a ta ayò mọ́, àfi tó bá kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọwọ́.

"Ọ̀tún ni mo fi ń ta ayò," ni Jimoh wí. "Màá fọ ọ̀tún."

"Méjèèjì."

"Bàbá Sẹ̀gi, gba ọ̀kan ààbọ̀."

"Iye tí mo pè é nìyẹn."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Babárìndé, kò sẹ́ni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Jimoh rò pé àìsàn ti dé. Ó sáré fọ ọwọ́ méjèèjì.

Lẹ́yìn náà, Babárìndé gbẹ́ ilẹ̀, ó sin gbogbo ewúro tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Ó ní ó ti bu. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ru ewúro tuntun gun àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ilé, ó ń sá a sórí ẹní mímọ́ níbẹ̀. Sẹ̀gilọlá bi í pé kí ló dé. Ó ní oòrùn òkè yẹn kò tíì gba ọwọ́ alágbàtà kọjá.

Orúnkún rẹ̀ kò fẹ́. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbọ́ ọ lójú ọ̀nà àpáta, ó ń bá orúnkún dúnàádúrà. Kó ṣáà gbé òun dé ìdí igi odán yẹn. Bí àwọn bá dé ibẹ̀, àwọn á sọ ti ìyókù.

Nígbà tó tún kó ewúro lọ sí Àkùngbá, òjé inú rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tí òfin gbà láyè. Inú Dókítà dùn. Ó fẹ́ mọ ohun tí Bàbá ṣe. Babárìndé bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ gbọnmọ-gbọnmọ.

"O ṣé, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé wàá bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀."

Ó ròyìn rẹ̀ yí ká. Òun ló ná òjé wálẹ̀ ní yunifásítì, ìwé kò lè ṣe é, ẹnu ló ṣe é. Raliat ń ra ewúro. Jimoh ń ta ayò. Àwọn obìnrin kan tilẹ̀ wá láti Epinmi pé kó wá bá àwọn ná ti ẹ̀fọ́ àwọn. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e kúrò létí títì àti nítòsí mẹkáníìkì, kí òun lè rí ibi tí òun á ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Nígbà ọyẹ́ kan, ó sùn, kò jí.

Sẹ̀gilọlá ń bá iṣẹ́ ewúro lọ lórí àpáta. Nígbà tí èsì ìdánwò tuntun jáde, Jimoh ní ọmọ ọ̀rẹ́ òun kò ní dá lọ gbà á. Dókítà kí wọn kú àṣẹ̀yìndè. Ó bi Jimoh ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Bátìrì, ni Jimoh wí. Níbo? Níwájú ilé Bàbá Sẹ̀gi, ṣọ́ọ̀bù òun fara kan pèpéle tó ń sá ẹ̀fọ́ lé tẹ́lẹ̀. Dókítà rọra sọ fún un pé òun bi Babárìndé níjọ́sí bóyá ẹnì kan ń yọ́ òjé bátìrì ládùúgbò, kò sì dáhùn.

Jimoh wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ọṣẹ," ló wí. "Mo rò pé ó kàn ń wá ọ̀nà tí n kò fi ní borí òun ni."

Ẹ̀rín pa Sẹ̀gilọlá, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Dókítà na ìwé èsì sí i. Ó dára. Òjé inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Sẹ̀gilọlá dúpẹ́, ó ká ìwé náà, ó dìde. Ṣùgbọ́n Jimoh kò dìde. Ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún.

"Dókítà, díẹ̀ tó kù yẹn náà ti pọ̀ jù. Ẹ bá wa yọ níbẹ̀."

Dókítà ní ohun tí ẹ̀rọ pè é nìyẹn.

Jimoh dé fìlà. Ó dìde. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró, ó kẹ̀yìn sí wọn.

"Bàbá," ni Dókítà wí. "Ẹ padà wá, ká sọ ọ́."