Ọjọ́ Tí A Lọ Bẹ Bàbá Onífíìmù ní Ẹ̀pẹ́

Òórùn ọ̀dà tuntun gba gbogbo gbọ̀ngàn tí a ti ṣe ìpàdé àwọn òbí ní Ìkòròdú lọ́sẹ̀ tó kọjá, débi pé àwa tí a jókòó sẹ́yìn ń fi ìborùn bo imú. Níbẹ̀ ni bàbá kan ti dìde tó kìlọ̀ fún gbogbo wa. Ó ní kí kálukú lọ yẹ fóònù ọmọ rẹ̀ wò, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti sọ ara wọn di adájọ́ lórí àgbà. Wọ́n á wo fíìmù tí àgbàlagbà fi òógùn ṣe, wọ́n á wá máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú gbogbo ayé. Ó ní, “Ẹ má bi wọ́n léèrè kankan. Ẹ ṣáà pa á rẹ́.” Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Ọwọ́ tèmi ò kúrò lórí itan mi. Mo wolẹ̀, ìtìjú sì bò mí bí ẹni pé àná ni, nítorí mo ti ṣe ohun tó sọ yìí rí, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Àkọ́bí mi obìnrin lọ̀rọ̀ kàn, tàbí kí n sọ pé ìbẹ̀rù tí mo ní lórí rẹ̀ lọ̀rọ̀ kàn. Nígbà náà, ó ti jáde níléèwé girama, ó ń retí kí yunifásítì gbà á, kò sì sí ohun tó ń ṣe ju kó máa wo fíìmù lọ. Kì í wò ó bí àwa ṣe ń wò ó. Èmi, bí fíìmù bá ti parí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ẹ̀kọ́ wo ló kọ́ wa? Òun á ní kí n dúró ná, ṣé mo rí ibi tí wọ́n gbé kámẹ́rà sí? Ṣé mo gbọ́ bí orin ṣe ń tì wá pé ká sunkún nígbà tí ẹkún ò tíì yẹ? Á gbé fóònù sórí fèrèsé, á ta aṣọ ìbora mi sára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, á sì máa sọ èrò rẹ̀ nípa fíìmù àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. Lámèyítọ́ ni olùkọ́ Yorùbá wa máa ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìtàn là ń ṣe é fún nígbà tiwa. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè jókòó sí yàrá kan tí a háyà ní Ìkòròdú kó máa ṣe é fún fíìmù.

Inú páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló ti rí kásẹ́ẹ̀tì fíìmù àtijọ́ kan. Mo rà á nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Òṣogbo wá bá ọkọ mi. Agbọ̀n Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n pè é. Ìtàn obìnrin kan tó ń ta ẹja létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni. Ọkọ rẹ̀ bá omi lọ, àwọn ẹbí ọkọ sì ní òun ló mọ̀ nípa ikú rẹ̀. Àwọn tó ṣe é ò lórúkọ níbì kan. Ojú wọn dà bí ojú àwọn tí ènìyàn ń pàdé lọ́jà. Ọmọ mi gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ bá ọkùnrin kan tó ń bá ènìyàn da fíìmù àtijọ́ sínú mẹ́mọ́rì. Ọkùnrin náà gba púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó fa téèpù rẹ̀ já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, a sì da èyí tó kù nù. Ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì náà ni ọmọ mi ń gé sáàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń sọ èrò rẹ̀ nípa fíìmù náà lórí fóònù.

Ìyá onílé wa, ọmọ bíbí Ẹ̀pẹ́, ló gbé ìròyìn wá. Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tó wọlé. Ó ní bàbá tó ṣe fíìmù náà ṣì wà láàyè, pé ẹ̀gbọ́n ìyá òun ni, pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ló sọ fún un pé ọmọ kan ní Ìkòròdú ń fi fíìmù rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Bàbá ní kí ọmọ náà wá rí òun ní Sátidé. Ìyá àwọn ọmọ, o ṣáà mọ ohun tí àgbà máa ń tìtorí ẹ̀ pe ọmọdé. Mú un dání, kẹ́ ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ sí i.”

Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kí ọmọ mi gbé fóònù náà wá, kó tan ọ̀rọ̀ tó sọ kí n gbọ́. Ohun tó kọ́kọ́ jáde ni pé Àbẹ̀kẹ́ ró àdìrẹ nígbà tó ń gbé agbọ̀n jáde nílé, ó dé etí omi, ìró ti di àǹkárá pupa. Ọmọ mi wá ń rẹ́rìn-ín nínú fóònù, ó ní, “Àbí ó yà ra òmíràn lọ́nà ni?” Mi ò gbọ́ ju ìyẹn lọ. Ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kó parí ná.” Mo ní kí ló kù tó fẹ́ parí? Ọmọ tó ń retí àbájáde yunifásítì ni, mo wá ń ro ohun tí ẹnu àgbà kan lè sọ tí ọ̀nà rẹ̀ á fi dí. Mo jókòó tì í títí ó fi pa á rẹ́. Ó pa á rẹ́ lójú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì tó gbé e sí, ó pa á rẹ́ nínú fóònù, ó pa fíìmù náà fúnra rẹ̀ rẹ́ nínú mẹ́mọ́rì, mo sì ní kó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n fojú ara mi rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé tí mo bá ń gbálẹ̀, mo máa ń gbé àga kúrò ni.

Ní ọjọ́ Sátidé, ìyá onílé ṣáájú wa. Látìgbà tí a ti kọjá Ìtòkín ni mo ti ń kọ́ ọmọ mi ní ohun tó máa sọ, ó sì ń fesì pé “ẹ ṣeun, mà” lọ́nà tó fi hàn pé kò gbọ́ ọ̀kan. Òórùn ẹja gbígbẹ láti Ọjà Olúwo ló sọ fún wa pé a ti dé. Ilé bàbá ò jìnnà sí ọjà náà. Nígbà tí a wọ pálọ̀ rẹ̀, bàbá wà nínú jálàbíà funfun, àwọn àgbàlagbà bíi mélòó kan jókòó yí i ká, gbogbo wọn múra, gbogbo àga kọjú síbì kan náà. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ìgbìmọ̀ ẹbí ti pé. Tẹlifíṣọ̀n kan wà lórí tábìlì níwájú wọn, tí wọ́n ti ká aṣọ orí rẹ̀ kúrò. Mo rí i, mi ò kà á sí.

Wọ́n ní ká jókòó. Mi ò jókòó. Mo kúnlẹ̀, mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, òun náà kúnlẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí wa. Ọmọdé ló ń ṣe é. A ti pa á rẹ́ pátápátá. Kò sẹ́ni tó lè rí i mọ́.”

Ìyá arúgbó kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ti fi gíláàsì sójú. Ó rọra bọ́ ọ, ó sì ká a sínú àpò rẹ̀. Bàbá bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Kí lẹ pa rẹ́?”

Ìyá onílé ló kọ́kọ́ yé. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá wá sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kò gbé ohùn sókè. Òun àti ìyàwó òun ni wọ́n fi èrè ẹja ṣe fíìmù náà. Ìyàwó yẹn ni Àbẹ̀kẹ́. Ó ti ṣaláìsí. Omi ọ̀sà ti wọ yàrá tí wọ́n kó kásẹ́ẹ̀tì sí, ọkùnrin tó bá wọn tà á náà ti kú, òun sì ti wá a káàkiri títí ó fi sú òun. Ìgbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá sọ pé òun rí i lójú fóònù, ó pe àwọn tó kù nínú àwọn òṣèré rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo ara wọn. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe múra.

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, “Èmi ni mo ní kó pa á rẹ́, Bàbá. Ó ní kí n jẹ́ kó parí, mi ò jẹ́.” Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ojú mi sí. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá rọrùn. Ìyá tó bọ́ gíláàsì ní kí n dìde, ó ní kò tọ́ kí eékún máa dun ènìyàn lórí ohun tó ti bọ́.

Ọmọ mi ló sọ̀rọ̀. Ó ní, “Bàbá, mo mọ̀ ọ́n lórí. Ṣé kí n sọ ọ́?” Bàbá ní kó máa sọ ọ́, kó sì sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ nínú fóònù, kó má yọ ìkankan. Ọmọ mi wojú mi, ó wá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìró. Nígbà tó dé ibi àdìrẹ tó di pupa, bàbá lu itan rẹ̀, ó yíjú sí àwọn tó kù.

“Ṣé ẹ gbọ́? Mo sọ fún un pé wọ́n máa rí i. Òjò pa àdìrẹ lọ́jọ́ kìíní, kò gbẹ títí wọ́n fi ní ká dá kámẹ́rà padà. Ó ní ta ló máa wo ìró nígbà tí òun bá ń sunkún? Ó kú láìgbà fún mi.”

“Ahun yín ló fà á, Alájì,” ni ìyá yẹn dáhùn. “Àdìrẹ kan ṣoṣo lẹ rà fún odidi fíìmù.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ọmọ mi ń bá a lọ. Ó ní nínú fíìmù ìsinsìnyí, obìnrin á jí lórí bẹ́ẹ̀dì ti òun ti àtíkè, á sunkún kí ojú rẹ̀ má wú. Wọ́n á gbé kámẹ́rà fò lókè afárá kí á tó mọ ẹni tó ni ìtàn. Ó ní síbẹ̀ irọ́ ni pé gbogbo ti àtijọ́ ló dára: wọ́n máa ń pariwo bí ẹni pé èrò ọjà ni wọ́n ń bá wí, ẹni ibi gbọ́dọ̀ ya wèrè kó tó parí, apá kìíní á sì gé síbi tí ọkàn ènìyàn bá ti gbóná. Ó ní obìnrin inú fíìmù tuntun lè dá ọkọ lóhùn kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ìkà, pé ìyẹn dáa. Àwọn àgbà yẹn ń jiyàn pẹ̀lú rẹ̀ bí ẹgbẹ́ wọn. Ó wá dé ibi tí Àbẹ̀kẹ́ ti sọ agbọ̀n kalẹ̀ létí omi. Ó ní kámẹ́rà dúró sẹ́yìn rẹ̀, kò sún mọ́ ọn. Obìnrin náà ń to ẹja, ó ń kọ orí gbogbo wọn sápá ibi tí ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ ti máa ń bọ̀, kò sì sunkún títí ó fi to èyí tó gbẹ̀yìn. Ó ní òun ò tíì rí irú rẹ̀ nínú fíìmù kankan, ti àtijọ́ tàbí tuntun. Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ló wà nínú èyí tí mo ní kó pa rẹ́.

Bàbá ti di ojú. Ó ní, “Ohùn rẹ̀ ńkọ́?”

Ọmọ mi rò ó díẹ̀. Ó ní, “Ó máa ń lọ sílẹ̀ níparí ọ̀rọ̀, Bàbá, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni bàbá wí. “Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe.”

Wọ́n di ẹja gbígbẹ fún wa nígbà tí a ń lọ. Òórùn rẹ̀ gba inú ọkọ̀ wa títí dé Ìkòròdú, mi ò sì lè wojú ọmọ mi. Kò bá mi wí. Ó gbé orí lé èjìká mi, ó sùn lọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Lọ́jọ́ Ajé, a gbé mẹ́mọ́rì náà lọ fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe bóyá wọ́n á lè bá wa yọ ọ́ jáde. Wọn ò rí nǹkan kan.

Ó ti wà ní yunifásítì báyìí. Mo ṣì máa ń bẹ̀rù lórí rẹ̀, n ò lè purọ́, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá sọ nípa fíìmù, mo máa ń gbọ́ ọ dé òpin kí n tó lanu. Mo rò pé mo ń dáàbò bo ọmọ mi lọ́wọ́ àgbà tó ń bínú. Mi ò wò ó lẹ́ẹ̀kan pé ó lè jẹ́ ẹni tó nílò rẹ̀ ló ń pè é. Mo gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ pa obìnrin kan rẹ́ mọ́ ọkọ rẹ̀ lójú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo inú páálí àtijọ́ yín. Kásẹ́ẹ̀tì náà ní àwòrán obìnrin kan tó gbé agbọ̀n rù lára páálí rẹ̀. Agbọ̀n Àbẹ̀kẹ́ ni. Bí téèpù rẹ̀ bá tiẹ̀ ti já, ẹ má dà á nù. Ẹ jẹ́ ká gbọ́. Bàbá ṣì wà láàyè.