Agùntáṣọọ́lò Sọ Ọ́ Jáde

Agùntáṣọọ́lò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí gíga rẹ̀. Ilé kíkùn niṣẹ́ rẹ̀. Ibi tí àwọn yòókù bá ti ń wá àpótí tí wọ́n máa gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà nílẹ̀, á ti kùn ún tán. Tó bá wá gun àkàbà, kò sí àjà tó ga jù fún un. Ọdún mẹ́fà ló ti lò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ọkùnrin kúkúrú kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi àfi tó bá sùn.

Agùntáṣọọ́lò pé ọdún mẹ́rin nílé ọkọ kó tó lóyún. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì fi èsì àyẹ̀wò hàn án, ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì dúró kó ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ó wá bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe.

"Mo ń kunlé ni."

"Háà! Ẹ tètè sọ fún ọ̀gá yín o. Òórùn ọ̀dà elépo ò dáa fún yín, àkàbà náà ò dáa."

Ọ̀rọ̀ tó rọrùn lẹ́nu nọ́ọ̀sì.

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ní kó má tíì sọ ọ́. "Ṣebí ọ̀gá ti ṣèlérí pé ìwọ ló máa ṣe olórí iṣẹ́ ilé ìkàwé tuntun yẹn? Jẹ́ kó bọ́ sí ọ lọ́wọ́ ná." Ìyá Agùntáṣọọ́lò pariwo lórí fóònù: "Oyún tí ò tíì pé oṣù mẹ́ta! Ta lo fẹ́ sọ fún? Jẹ́ kí ikùn fúnra rẹ̀ sọ ọ́." Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ akọ̀wé, ní kó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Orí Agùntáṣọọ́lò gbóná. Ẹni mẹ́ta, ìmọ̀ràn mẹ́ta, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó máa bá a gun àkàbà lọ́la.

Ó gbìyànjú láti sọ ọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fóònù ọ̀gá dún, ọ̀gá sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Ọ̀gá, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀." Ọ̀gá ní, "Tó bá jẹ́ ti rólà ìkunlé tuntun ni, mo ti gbọ́!" ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kẹta, kó tó lanu, ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn obìnrin kan tó bá a ṣiṣẹ́ rí. "Oṣù méjì péré, ó lóyún, ó lọ. N ò rí búrọ́ṣì mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Agùntáṣọọ́lò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì bí oògùn kíkorò.

Nígbà tó yá, nǹkan yí padà. Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ni wọ́n ń kùn, ọ̀gá sì gbé kíkun àjà fún Jẹ́jẹ́, àgbàlagbà ọkùnrin kan láàárín wọn tí ibi gíga ń dẹ́rù bà. Jẹ́jẹ́ dì mọ́ àkàbà, ọ̀dà ń kán sílẹ̀ tótó. Ìsàlẹ̀ ògiri ni wọ́n fi Agùntáṣọọ́lò sí. Tí wọ́n bá ti fẹ́ ṣí ọ̀dà elépo, ọ̀gá á ní kó lọ fọ búrọ́ṣì níta.

"Ọ̀gá, àjà yẹn, iṣẹ́ mi ni."

"Ṣe èyí tí mo ní kí o ṣe."

Ó fara dà á, títí tó fi gbọ́ pé Jẹ́jẹ́ náà ni ọ̀gá fi ṣe olórí iṣẹ́ ilé ìkàwé. Ó ju búrọ́ṣì sínú garawa.

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ mi lónìí. Mo lóyún!"

Ọ̀gá nu ọwọ́ rẹ̀. "Mo mọ̀. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ márùn-ún nìyàwó mi bí. Ẹni tó ń sáré lọ bì nígbàkígbà tí a bá ṣí agolo ọ̀dà, ṣé ibà ló ń ṣe é? Kí lo rò pé mo torí ẹ̀ gbé ọ kúrò lórí àkàbà?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Ta ni mí tí n ó máa bi ìyàwó oníyàwó bóyá ó lóyún? Ìwọ ni mò ń retí."

Inú bí Agùntáṣọọ́lò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò fi róorun sùn! Ọkùnrin tí kò lè pa ẹnu dé lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, èyí nìkan ló mọ̀ ọ́n fi sínú.

"Ọ̀gá, mo dúpẹ́ ti àkàbà. Àmọ́ ṣé orí àkàbà ni olórí ti ń ṣiṣẹ́ ni? Ta ló ń po ọ̀dà tí àwọ̀ rẹ̀ kì í yàtọ̀ láti ògiri kan sí èkejì? Ikùn mi ló lóyún, orí mi ò lóyún!"

Jẹ́jẹ́ dá sí i látòkè. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún un. Kí ẹ sì jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Agùntáṣọọ́lò náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́. Ọ̀gá họrí. "Ó dáa. Ìwọ ni olórí. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ gun nǹkan kan o."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ṣì níṣẹ́ tí mo bá bímọ tán."

"Ṣé o ò gbà mí gbọ́ ni?"

"Mo gbà yín gbọ́, ọ̀gá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọ̀gá kọ ọ́.

Oyún pé oṣù márùn-ún nígbà tí iṣẹ́ ilé ìkàwé bẹ̀rẹ̀. Agùntáṣọọ́lò dúró láàárín yàrá, ó ń po ọ̀dà olómi, ó ń nàka. Ní oṣù kẹjọ, ó lọ sinmi; nígbà tí oṣù pé, ó bí obìnrin. Ọmọ ti pé oṣù mẹ́rin kí ìyá rẹ̀ tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ògiri ilé ìkàwé kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù ni Jẹ́jẹ́ ti dá kùn lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì ti yàtọ̀ sí ti mẹ́ta yòókù. Agùntáṣọọ́lò wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé garawa ọ̀dà wá.