Ojú Ìwé Tí Mo Lẹ̀ ní Ítálì

Òórùn ìwé àtijọ́ kì í ṣe òórùn eruku bí àwọn èèyàn ṣe máa ń rò. Ó jọ òórùn ewé gbígbẹ tí wọ́n tọ́jú sínú àpótí igi, tí òórùn awọ ẹran àti ti àbẹ́là díẹ̀ wá dà pọ̀ mọ́ ọn. Òórùn yìí ló kí mi káàbọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Kẹrin ọdún tó kọjá, nígbà tí ọmọ ọmọ mi obìnrin ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìpàtẹ kan fún mi ní àárín ìlú Atlanta. Abẹ́ gíláàsì ni gbogbo ìwé náà wà. Ọmọ náà ní òun ò gbóòórùn kankan. Èmi gbọ́ ọ, mo sì ń tún kóòtù mi ṣe bí ẹni tó fẹ́ wọlé àna.

Òun ló rí ìkéde ìpàtẹ náà ní iléèwé wọn, tó sì mú un wá sílé fún mi ní Lilburn, níbi tí èmi, òun àti ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ mi jọ ń gbé. Nígbà tí mo ka orúkọ ìlú tí àwọn ìwé náà ti wá, ṣe ni mo dìde dúró. Ìlú kékeré kan lórí òkè ní Ítálì ni, níbi tí mo ti lọ sí yunifásítì nígbà tí irun orí mi ṣì dú. Dókítà kan ló dá ilé ìkàwé ìlú náà sílẹ̀, nígbà tí òyìnbó kò tíì mọ ọ̀nà ilé wa. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé gbogbo ìwé òun di ti ìlú, àti pé ẹni tó wọ bàtà àti ẹni tí kò rí bàtà wọ̀ ni kí wọ́n jọ máa ṣílẹ̀kùn fún. Ìwé orin ìsìn wà níbẹ̀ tó tóbi bí ilẹ̀kùn, kí gbogbo akọrin lè dúró jìnnà kí wọ́n sì rí i kà. Àwòrán ayé wà níbẹ̀ tí ọ̀dọ̀ tiwa ṣófo pátápátá, àfi erin kan tí wọ́n yà sí i. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìwé ewé àti egbò tí dókítà náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà.

Bí mo bá ti kúrò ní kíláàsì lọ́sàn-án, yàrá tí wọ́n ti ń tún ìwé ṣe ní ilé ìkàwé náà ni mo máa ń lọ ṣiṣẹ́, níbi tí bàbá àgbàlagbà kan ti jẹ́ ọ̀gá mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá. Abọ́ ńlá kan ló wà lórí tábìlì, nǹkan funfun wà nínú rẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń dán. Ebi ń pa mí, òtútù sì mú mi. Mo ní, áà, ẹ̀kọ mímu, ní ilẹ̀ òyìnbó? Ṣúgà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife kọfí ọ̀gá, mo bù ú sí i, mo sì gbé abọ́ náà mu tán. Nígbà tí ọ̀gá wọlé, ó wo abọ́, ó wo ẹnu mi, ó sì jókòó.

Ó ní, “Gọ́ọ̀mù tí mo fẹ́ fi lẹ ìwé ni. Òmíràn dọwọ́ rẹ.”

Mo se é bí ìyá mi ṣe máa ń se ẹ̀kọ. Mo po ìyẹ̀fun mọ́ omi, mo sẹ́ ẹ, mo jẹ́ kó silẹ̀, mo da omi orí rẹ̀ nù, mo sì ń rò ó lórí iná láì dáwọ́ dúró kó má baà ṣe kókó. Ọ̀gá fi ìka méjì tọ́ ọ wò, láti ọjọ́ náà sì ni èmi ti ń se gọ́ọ̀mù. Nígbà tó yá, ó gbé ìwé ewé yẹn fún mi kí n lẹ ojú ìwé kan tó ya láti etí dé àárín. Mo wo àwòrán ewé tó wà níbẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín. Lárà ni, lárà gan-an, irú èyí tó kún ẹ̀yìn ilé wa.

Mo parí ẹ̀kọ́ mi, mo padà sílé, mo ṣiṣẹ́ ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sì fọwọ́ kan irú iṣẹ́ yẹn mọ́. Bí mo bá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi, àlọ́ ni lójú wọn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ nǹkan méjì ní gbọ̀ngàn yẹn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ibi tí mo lẹ̀ ṣì dúró.

A rí ìwé náà. Ojú ìwé mìíràn ni wọ́n ṣí i sí.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó bá àwọn ìwé náà wá láti Ítálì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Mo kí i ní èdè wọn, èdè náà sì ń jáde lẹ́nu mi bí ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà. Ó ṣàlàyé pé ìmọ́lẹ̀ máa ń jẹ àwọ̀ inú ìwé, nítorí náà àwọn kì í jẹ́ kí ojú kan pẹ́ níta. Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè ni òun máa ṣí i sí òmíràn.

Ó bi mí pé, “Èwo lẹ fẹ́ rí, bàbá?”

Mo ní lárà. Ó yà á lẹ́nu pé mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ní, “Ẹ wá ní Mọ́ńdè, kí a tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn èèyàn.”

Nílé, ọmọ mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, mi orí. “Daddy, mo ní shift ní Monday. Ẹ jẹ́ kí n gba off fún next week.”

“Wọn ò ní dúró dè mí.”

Ọmọ rẹ̀ ní, “Mummy, I'll take Grandpa. Class kan ṣoṣo ni mo máa miss.”

“Class wo? Chemistry tó ò ń fail lọ́wọ́ yìí?”

“Mi ò fail jù.”

Nígbà tí ọmọ náà jáde ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, mo ti wọ kóòtù, mo ti jókòó sínú mọ́tò. Ó ní, “Grandpa, aago mẹ́fà ṣẹ̀ṣẹ̀ lù.” Mo ní mo mọ̀.

Ọ̀dọ́bìnrin náà ṣí gíláàsì, ó sì rọra ṣí ìwé náà títí lárà fi yọ, pupa àti àwọ̀ ewé tútù, bí ẹni pé àná ni wọ́n yà á. Mo tẹ orí ba. N kò rí ibi tó ya. N kò rí ibi tí mo lẹ̀. Inú mi bàjẹ́, mo rò pé wọ́n ti tún un ṣe, pé iṣẹ́ mi ti lọ. Ló bá mú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan, ó tàn án láti ẹ̀gbẹ́, ìlà tín-ínrín kan sì jáde láti etí ìwé dé àárín.

Mo ní, “Èmi ni mo ṣe é.”

Ó bi mí irú gọ́ọ̀mù tí mo lò, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan abọ́ àkọ́kọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọ ọmọ mi.

“Wait. Grandpa, ṣé ẹ jẹ glue ni?”

“Mo mu ún. Ṣúgà ni kò tó.”

Nígbà náà ni ọ̀dọ́bìnrin náà sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé etí ibi tí mo lẹ̀ ti fẹ́ máa ṣí, àti pé bí ìwé náà bá délé, àwọn á yọ ọ́, àwọn á sì fi tuntun sí i. Ọmọ ọmọ mi bínú nígbà tó gbọ́. Ó ní, “Kí ló dé tí wọ́n máa yọ ọ́? Tiyín ni.” Mo rò pé èmi náà máa bínú. Dípò bẹ́ẹ̀, ayọ̀ kan gba ọkàn mi. Mo rántí ohun tí ọ̀gá mi máa ń sọ, pé ẹni tó bá lẹ̀wé lọ́nà tí ẹlòmíràn kò lè yọ, ìgbéraga ló ṣe. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ gbọ́dọ̀ lè fi omi lásán yọ iṣẹ́ rẹ, kí ìwé má sì ya. Ìdí tí a fi ń lo gọ́ọ̀mù tó dà bí ẹ̀kọ nìyẹn.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ọmọ mi jà nílé yìí, lórí bó ṣe ń tọ́ ọmọ, lórí èdè tó ń bá a sọ, lórí ohun tó mú nínú ohun tí mo kọ́ ọ àti ohun tó fi sílẹ̀. Láti Mọ́ńdè yẹn, n kì í jà mọ́. Bó bá yọ tèmi, tó sì fi tirẹ̀ rọ́pò, mo kàn máa ń wò ó jẹ́jẹ́ bóyá nǹkan kan ya. Títí di òní, n kò tíì rí ibi tó ya.