Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Gbààwẹ̀ Lórí Oògùn Ṣúgà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí gbogbo ayé tí mo mọ̀ kò ju klóòsì wa, òpópónà kékeré kan ní Fẹ́sítáàkì l'Ékòó, lọ, ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe òkùnkùn, kì í sì í ṣe ajá ńlá tí wọ́n so sẹ́nu géètì ilé kejì. Ṣúgà ni. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ti sọ mí di àgbà nítorí ewú mélòó kan. Bí ẹ bá dàgbà nílé tí àtọ̀gbẹ ti ń bá ìyá yín fínra, ẹ̀yin náà á mọ̀ pé ṣúgà lè dẹ́rù bani ju ejò lọ.

Dókítà ló sọ fún ìyá mi pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bàbá mi, tó ń wa táńkà epo láti Sátẹ́láìtì tó wà nítòsí wa lọ sí Òkè Ọya, dé lọ́jọ́ náà, wọ́n kó gbogbo ṣúgà ilé wa dà sínú gọ́tà. Wọ́n wá pè mí, wọ́n ní bí mo bá rí i tí mọ́mì fọwọ́ kan ohun dídùn, kí n pariwo. Mo gba iṣẹ́ ọlọ́pàá yẹn tọkàntọkàn. Mo máa ń gbóòórùn ife ìyá mi kí wọ́n tó mu ún. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí ṣíbí ṣúgà kan bá kọjá lọ́nà ọ̀fun wọn, wọn ò ní jí mọ́.

Dókítà fún wọn ní oògùn, hóró funfun kékeré kan tí wọ́n ń lò láràárọ̀ kí wọ́n tó jẹun. A mọ̀ pé ó ń lé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bó ṣe ń lé e, àti ibi tó ń lé e lọ, a ò béèrè. Ta ló ń bi oògùn léèrè ọ̀rọ̀ nígbà yẹn? Ẹ ṣáà ti gbé e mì.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kan, ìjọ wa kéde ààwẹ̀. Ìyá mi ò sì ṣeé dá dúró bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ààwẹ̀. Bàbá mi ti wakọ̀ lọ sí Òkè Ọya. Láràárọ̀, ìyá mi á fi omi díẹ̀ gbé oògùn wọn mì, wọ́n á ní oògùn kì í ṣe oúnjẹ, kò lè ba ààwẹ̀ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àwọn tó ń lo oògùn nínú ìjọ wa ń ṣe. Ó bọ́gbọ́n mu lójú wa. Kódà a rò pé àǹfààní méjì ló wà níbẹ̀, pé ebi á lé ṣúgà, oògùn náà á lé e.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, àwọn ìyá ìjọ wá gbàdúrà nílé wa. Mo wà ní kíṣìnì nígbà tí mo gbọ́ tí ohùn ìyá mi dákẹ́ láàárín àwọn yòókù. Mo yọjú. Fáànù ń fẹ́, síbẹ̀ òógùn ti rin aṣọ ìyá mi gbingbin. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Mo sún mọ́ wọn, wọ́n sì tẹjú mọ́ mi títí, wọ́n ní, "Ìwọ ta ni?"

Ẹ̀yin ọmọ, mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó bà mí lẹ́rù tó ìyẹn. Ìyá tó bí mi, tó wẹ̀ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ni kò dá mi mọ̀ mọ́. Àwọn ìyá ìjọ pariwo pé ọ̀tá ti wọlé, wọ́n yí ìyá mi ká, àdúrà gbóná sí i. Ẹsẹ̀ mi ti gbé mi jáde kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

Obìnrin apòògùn kan ló ni kẹ́mísì tó wà lẹ́nu klóòsì wa. Mo sá tọ̀ ọ́ lọ, mo ń sunkún, mo ń ṣàlàyé. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Wọ́n lo oògùn wọn láàárọ̀?"

"Wọ́n lò ó, Àǹtí."

"Kí ni wọ́n jẹ lé e?"

"Wọn ò jẹ nǹkan kan. Wọ́n wà nínú ààwẹ̀."

Ó dìde, ó sì mú agolo ṣúgà tó fi ń po tíì rẹ̀. Ojú mi ṣú. Mo dì mọ́ ọn lápá, mo ń pariwo, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn! Ó máa pa wọ́n!" Ó ń wọ́ mi lọ bẹ́ẹ̀, títí a fi délé.

Nílé náà, ìyá tó dàgbà jù láàárín àwọn ìyá ìjọ dí ọ̀nà. Ó ní ààwẹ̀ ò tíì tú, àti pé ta ló ń fún alátọ̀gbẹ ní ṣúgà? Àǹtí ní, "Mọ́mì, ẹ ṣáà jẹ́ kí n gbà wọ́n là, Ọlọ́run ò ní bínú. Oògùn yẹn ti lé ṣúgà wọn lọ tán."

Ó po ṣúgà mọ́ omi. Ó kọ́kọ́ rí i dájú pé ìyá mi ṣì lè gbé nǹkan mì, kó tó máa fún wọn mu díẹ̀díẹ̀. Mo fọwọ́ bojú. Lójú tèmi, wọ́n ń pa ìyá mi níṣojú mi, àwọn àgbàlagbà sì wà níbẹ̀. Mo ń retí ìgbà tí àwọn ìyá ìjọ máa figbe ta.

Ìgbà tó yá, mo gbọ́ ohùn ìyá mi. Orúkọ mi ni wọ́n pè. Wọ́n ní kí ló ń pa mí lẹ́kún.

Àǹtí ò jẹ́ ká yọ̀ pẹ́. Ó bu oúnjẹ fún wọn, ó ní ilé ìwòsàn ló kù, nítorí oògùn náà ò tíì kúrò lára wọn, ó sì tún lè fà wọ́n ṣubú. Bí a ṣe ń retí ọkọ̀, ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn ikùn tí oògùn yẹn máa ń jí, kó lè tú omi kan sínú ẹ̀jẹ̀. Omi yẹn ló ń ti ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹran ara. Bí ènìyàn bá jẹun, ó dáa, nítorí ṣúgà wà tí omi náà máa tì. Ṣùgbọ́n oògùn ò mọ ààwẹ̀, iṣẹ́ tí a rán an ló ń jẹ́. Bí oúnjẹ ò bá sí, á ti ìwọ̀nba ṣúgà tí ọpọlọ ń jẹ náà lọ. Ìdí nìyẹn tí ìyá mi ò fi dá mi mọ̀.

Wọ́n dá wọn dúró nílé ìwòsàn di ọjọ́ kejì, wọ́n ń fa omi sí wọn lára. Àmọ́ ẹ̀rù mi ò tán, ńṣe ló yí padà. Nígbà tí mo mọ̀ pé ṣúgà ni ọ̀tá, mo mọ ibi tí mo lè máa ṣọ́. Ní báyìí, ṣúgà lè pa wọ́n, àìsí ṣúgà lè pa wọ́n, oògùn tó ń wò wọ́n sàn pẹ̀lú lè pa wọ́n. Ọmọdé wo ló lè ṣọ́ gbogbo ìyẹn?

Ayé ti yí padà báyìí. Àwọn pásítọ̀ ìjọ wa ti ń kéde pé kí ẹni tó ń lo oògùn rí dókítà kó tó gbààwẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò lórí ìka ti wọ ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí náà, kí ẹ tó lo hóró oògùn kan, ẹ ti tẹ fóònù láti mọ ibi tó ń lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi ti darúgbó báyìí. Bí mo bá pè wọ́n láàárọ̀, mi ò ní tíì kí wọn tán tí màá fi béèrè pé, "Mọ́mì, ẹ ti jẹun?" Wọ́n á bínú, wọ́n á ní ṣé èmi ni mo bí wọn ni. Màá di fóònù mú gírígírí, títí wọ́n á fi sọ ohun tí wọ́n jẹ, tí wọ́n á sì fi orúkọ mi kún un.