Bútà Orí Táńkì

Ọkọ mi ló kọ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì sínú yàrá wa. Nígbà tí orúnkún mi ò gbà kí n máa sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí gbogbo ilé ń lò mọ́, ó gé igun yàrá, ó mọ ògiri sí i. Àwọn ìyàwó ilé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní èmi ni aláfẹ́ tó ń sùn ti ilé ìgbẹ́. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ wà lórí mi, n kì í gbàgbé orúkọ èèyàn, ṣùgbọ́n n kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbí. Ọ̀pọ̀ wọn ti lọ.

Ọkọ mi náà ti lọ. Mo ń ṣe opó rẹ̀, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó kì í fi ilé ọkọ sílẹ̀, tí ọkùnrin àjèjì kì í sì í wọlé tọ̀ ọ́. Yàrá yìí ni ìyá ọkọ mi ti ṣe tiẹ̀, èmi ni mò ń gbé oúnjẹ fún un. Mo ti pinnu pé ibẹ̀ ni n ó ti parí tèmi. Kò tún sí ohun tí mo lè ṣe fún ọkọ mi mọ́ ju ìyẹn lọ.

Àfi bí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ṣe daṣẹ́ sílẹ̀. Mo tẹ ọwọ́ táńkì, ó kàn ń lọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, omi ò wá.

Ọmọ mi obìnrin, tó ń tajà ní Ìdúmàgbò, ló wá ń yà láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láti da omi sínú àwo rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì omi tó bá rà lọ́wọ́ mẹ́rúwà ló ń gbé gun àtẹ̀gùn. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ wọnú. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, olórí ilé wa, pé kí wọ́n bá wa pe pọ̀lọ́mbà. Bàbá ní kò ṣeé ṣe, nítorí ẹni tó bá máa dé tọ́ílẹ́ẹ̀tì yẹn gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ibùsùn opó kọjá. Wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn, wọ́n ní kí n lọ sílé ọmọ mi ní Ìkòròdú, kí wọ́n tún un ṣe, kí n wá padà.

Mo mọ ìpadàbọ̀ yẹn. Tí wọ́n bá ti gbé àgbàlagbà sọdá bíríìjì, àwáwí ò ní tán: ẹ jẹ́ kí orúnkún yín san, ẹ jẹ́ kí òjò dá. Opó tó bá sì ti jáde ti jáde. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi di Jímọ́ọ̀.

Nígbà tí Jímọ́ọ̀ mọ́, mo gbé àpótí tì táńkì, mo jókòó, mo ń wò ó. N kò mọ iṣẹ́ yẹn, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gan-an n kò parí. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ọkọ mi bá ń tún un ṣe, èmi ni mò ń di tọ́ọ̀ṣì mú. Á máa bá táńkì wí bí ẹni ń bá ọmọ wí: ìwọ tí wọ́n ní kó o gbé rọ́bà lásán, o ò lè gbé rọ́bà.

Bútà tó fi ń ṣe àlùwàlá ló wà lórí ọmọrí táńkì, níbi tó gbé e sí kó tó kú. Ní ilé wa, a kì í gbé ẹrù òkú nípò títí wọ́n á fi pín ogún. Ìdí nìyẹn tẹ́nikẹ́ni ò fi ṣí táńkì wò. Mo tọrọ gááfárà lọ́wọ́ ọkọ mi, mo gbé bútà sílẹ̀, mo ṣí ọmọrí.

Omi kún inú rẹ̀ dé ẹnu. Ọmọ mi ń ru omi gun àtẹ̀gùn, omi jókòó síbẹ̀, ó ń wò ó.

Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Rọ́bà tó dé ihò ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Ṣéènì tó yẹ kó fà á sókè ni omi oníyọ̀ wa ti jẹ, ó ti já. Ọmọrí yọ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó han gooro. Kò pẹ́, mo gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

"Ìyàwó, kí lò ń fọ́?"

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, àti ti bútà. Wọ́n ní ta ló rán mi. Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi, pé okùn ni mò ń wá báyìí, ọ̀rá tí ọkọ mi fi máa ń sín tẹ̀súbáà, èyí tó ṣẹ́kù kọ́ sára ìṣó lókè orí mi.

"Bàbá, ṣé ogún nìyẹn náà?"

 

"Okùn tí ò tíì ní ilẹ̀kẹ̀ nínú kì í ṣe ogún," ni wọ́n wí. "Gé e."

Mo gé e, mo so ó mọ́ rọ́bà, mo so ó mọ́ irin. Ó kúrú jù, rọ́bà ò padà jókòó, omi ń dà ṣọ̀ọ̀rọ̀ láìdúró. Bàbá ń rẹ́rìn-ín níta, wọ́n ní mo ti gbé ọ̀sà wọlé. Mo tú u, mo dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, mo dúró kí táńkì kún, mo tẹ ọwọ́ rẹ̀. Omi bú jáde, ó gbá gbogbo ẹ̀ lọ, rọ́bà padà sí àyè rẹ̀ kẹ́.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ mi gbé kẹ́ẹ̀gì dé, ó ń mí hẹlẹ. Mo ní kó gbé e sílẹ̀, kó lọ tẹ táńkì. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dúró kó kún, ó tún un tẹ̀.

"Má fi omi ṣòfò," ni mo sọ. Bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an ló ti ẹnu mi jáde. Ó wò mí, ẹkún àti ẹ̀rín bá a lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Ìkòròdú mọ́.

Bàbá ti lọ ròyìn fún gbogbo àgbàlá. Ìyàwó ilé kan ké sókè láti ìsàlẹ̀ pé tí mo bá bọ́ aṣọ opó, kí n jọ̀ọ́ wá wo tàwọn. Mo ní kó lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá.

Mo gbé bútà padà sórí ọmọrí, mo kọ ẹnu rẹ̀ sí ògiri bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nínú yàrá yẹn ni mo ti ka ọjọ́ opó mi tán.