Ọjọ́ tí Mo Di Imú Lẹ́nu Ọ̀nà Àna Mi

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí mo lọ fojú han ìyá Àbẹ̀kẹ́, àfẹ́sọ́nà mi, ní Odòmẹ́ta, nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún wa. Bí ìyá bá kọ̀ mí, n kò ní ìyàwó nìyẹn.

Olùkọ́ ni mí ní Kétu, ìwé sì ń pa mí bí ọtí. Ìwé Faransé kan sọ pé bí àyà ẹni bá ń já, kí á ṣe yógà: kí á di ihò imú kan, kí á fi èkejì mí, kí á sì pààrọ̀ wọn.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo di imú. N kò mọ̀ pé irú ni ìyá ń sè tà.

Ó jáde sí mi. "Olùkọ́, ṣé irú wa ló ń rùn?"

Mo yára tú imú sílẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ sáré dé, òun náà di imú tirẹ̀. "Ìyá, bí wọ́n ṣe ń mí nílé ìwé nìyẹn."

Ìyá ní, "Wèrè ti rí wèrè. Ẹ fẹ́ ara yín, kí n rójú se irú mi."

Èmi àti Àbẹ̀kẹ́ jọ ń mí bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ títí ó fi kú lọ́dún tó kọjá. Èmi nìkan ni wèrè tó kù nílé báyìí.