Ògiri Tí Bàbá Kà

Inú ti ń bí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà kí Bàbá awakọ̀ tó wọlé. Òjò ti já wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Agége, ó sì ba pátákó lẹ́tà tí mo fi ń yẹ ojú àwọn èèyàn wò jẹ́ pátápátá. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo ti ń lò ó. Òun náà ni mo máa ń gbé sábẹ́ abíyá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláṣọ funfun àti mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, tí mo bá lọ yẹ ojú wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnì kan á máa kà, àwọn tó kù á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn á máa gbọ́. Mi ò ka ìyẹn sí nǹkan kan. Mo yọ pátákó náà kúrò lára ògiri, mo jù ú sẹ́yìnkùlé.

Alàgbà ni Bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, àwọn ló máa ń to bẹ́ǹṣì fún mi. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n fi bọ́ọ̀sì kó òṣìṣẹ́ láti Agége lọ sí iléeṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú, ìyàwó mi sì wà lára àwọn òṣìṣẹ́ náà. Lọ́dọọdún ni Bàbá ń wá gba ìwé lọ́dọ̀ mi pé ojú wọn dá ṣáká, kí iléeṣẹ́ má baà gba kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á ka lẹ́tà geere, n ó fọwọ́ sí i. Mi ò yẹ inú ojú wọn wò rí. Àgbàlagbà tí mo mọ̀, kí ni mo tún fẹ́ wò?

"Dókítà mi, tètè dá mi lóhùn," Bàbá ní bí wọ́n ṣe ń wọlé.

Mò ń kọ̀wé lọ́wọ́, mi ò gbójú sókè. Mo ní, "Ẹ fọwọ́ bo ojú òsì, Bàbá, kí ẹ kà á láti òkè." Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rántí pé kò sí pátákó kankan níbẹ̀ mọ́.

"E," Bàbá bẹ̀rẹ̀. "F, P. T, O, Z."

Mo wo ògiri. Funfun báláú ni, àfi àbàwọ́n omi. Bàbá nàró síwájú rẹ̀, wọ́n ń kà á lọ. Nígbà tí wọ́n dé ìlà ìsàlẹ̀, wọ́n fún ojú pọ̀ díẹ̀, bí ẹni pé àwọn lẹ́tà náà ti kéré jù. Wọn ò ṣi ẹyọ kan kà. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́.

Mo rọra dìde, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá yíjú sí àga tí mo ti dìde, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i.

"Ojú ṣì wà ńbẹ̀, àbí?"

"Bàbá, kò sí nǹkan kan lára ògiri yẹn."

Wọ́n wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹsẹ̀ mi mọ ọ̀nà Ìlúpéjú yẹn, Dókítà. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

Mo tan iná sí ojú wọn. Tòsì ti kú. Tọ̀tún, díẹ̀ ló kù. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì pe iléeṣẹ́ náà.

Nígbà tí ìyàwó mi dé nírọ̀lẹ́, mo bi í pé ibo ló máa ń jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì.

Ó ní, "Iwájú ni. Bàbá fẹ́ràn àwàdà jù. Tí a bá ti dé ibi iná tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì, wọ́n á ní, 'Ìyàwó Dókítà, àwọ̀ wo lo rí?' N ó sọ ọ́ fún wọn, a ó jọ rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹta rè é."